Ilẹ̀ Ni Iná Ń Wá

Bátìrì kẹta rèé, Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé.
Àkọ́kọ́, wọ́n ní ó ti kú.
Èkejì, wọ́n ní ayédèrú ni, pé Ládípọ̀ ló ti wá.
Wọ́n tú sítátà, wọ́n gbé òmíràn sí i,
wọ́n gbowó iṣẹ́, wọ́n gbowó mínírà lé e,
ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́:
kẹ́.
Ó tán. Kẹ́ kan ṣoṣo,
bí àgbàlagbà tó pòṣé
sí ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dá sí.

N kò tíì tú nǹkan kan.
Mo ní kí Tìámíyù tan iná iwájú.
Ó tàn, ó mọ́lẹ̀ kedere sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì.
Mo ní kó fun fèrè. Fèrè ké,
àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi yà sẹ́bàá ọ̀nà.
Ebi kọ́ ló ń pa ọkọ̀ yìí, mo wí.
Oúnjẹ ń bẹ nínú ìkòkò,
ibòmíràn ló ń dùn ún.

Mo ṣí àga ẹ̀yìn, mo fi tẹ́sítà kan orí bátìrì: iná.
Mo kan ẹnu sítátà: iná.
Wáyà pupa ò parọ́.
Ibi tí wọ́n ní kó gbé e dé náà ló gbé e dé.

Ìjàpá tí ẹ fi ń sáré lọ gbẹ̀bí lóru,
láti Pẹdro títí dé etí omi ní Ìlàjẹ!
Àwọn ọmọ yẹn ti ń bímọ báyìí.
Ó ṣeé ṣe kí n wà nínú wọn. Ìyá mi ò sọ, n ò sì bi í.

Ẹ ti dúró tì mí látàárọ̀, ẹ kọ̀, ẹ ò jókòó.
Bí Tìámíyù ṣe yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kẹfà
ẹ nawọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì,
ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà àsẹ́lérétọ̀, wáyà tíńrín yẹn,
bí ẹni ń yẹ iwájú orí ìkókó wò.
"Ibà ń ṣe èyí," ẹ wí.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí. Ta ló ń wá ibà lára irin?
Mo kàn án.
Ó jó mi lọ́wọ́.

Wáyà yẹn ò gbéná rí láyé rẹ̀.
Kó gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ wí, kó lọ fa kabúrétọ̀ létí,
iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ta ló wá di irú ẹrù yìí rù ú?
Mo tẹ́ páálí, mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀.
Okùn bàbà tí wọ́n hun pẹlẹbẹ bí irun,
èyí tó so jíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì,
atẹ́gùn oníyọ̀ ọ̀sà ti jẹ ẹ́ tán,
ó hu èéhù aláwọ̀ ewé, ó já sí méjì.
Ẹ́ẹ̀tì là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ni.

Ibi tí iná ti ń bọ̀ ni gbogbo wa ń wá,
àwa ríwáyà mẹ́ta, tòun ti tẹ́sítà wa.
Ẹnì kan ò bèèrè ibi tó ń lọ.
Iná tó jáde tí kò rọ́nà padà sílẹ̀
yóò gba ààrin ilé onílé kọjá.
Wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ.
Ọkọ̀ yìí ò dalẹ̀. Ilẹ̀ ló já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ yọjú wo abẹ́ ibẹ̀.
"Ìwọ́ rèé," ẹ ní. N ò jiyàn.

Mo tú òmíràn lára Píjò kan tó ti sùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù látọdúnmọ́dún.
Mo fi sáńpépà ha irin títí ó fi ń kọ mọ̀nà,
Tìámíyù di nọ́ọ̀tì, ẹ wọlé fúnra yín, ẹ yí i.
Gbogbo àdúgbò gbọ́.
Ẹ sọ̀, ẹ ò pa á, ẹ tún lọ fẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà yẹn,
ẹ dúró díẹ̀, ẹ kà á sínú.
"Ara rẹ̀ ti balẹ̀."

Àwọn bátìrì méjì tó wà nílé yẹn, ẹ má tà wọ́n fún oní-kòǹdẹ́mù.
Kò sí èyí tó kú nínú wọn.